Bọ́ílà Tó Ń Wí Pé "Àlàáfíà Ni"

Ìlá ni wọ́n ti bí Adébùkọ́lá. Ìwé ló bá wá sí Ọ̀tà, kò sì padà sílé mọ́. Ó gba yàrá kan ní Iyana Iyesi, ó ń bá wa ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ wa ní Sango. Ọmọ jẹ́ẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í gba gbẹ̀rẹ́ nídìí iṣẹ́.

Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tó ń se omi fún ọṣẹ. Mẹ́tọ́ọ̀dù kékeré kan, ìyẹn apá kan nínú ètò náà, ń ka ooru. Mẹ́tọ́ọ̀dù ńlá ló ń pè é, òun nìkan ló sì lè pa iná bọ́ílà. Bí kékeré bá kan àṣìṣe, bíi kí ooru pọ̀ jù, á gbà á, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì tún jù ú sókè fún ńlá kó lè pa iná.

Èmi ọ̀gá rẹ̀, tí mo tún jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo ba nǹkan jẹ́. Nígbà àdúrà òwúrọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ pupa máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà: "Ó kùnà!" Iná á kú, iṣẹ́ á dúró.

Mo ní, "Bùkọ́lá, a kì í fẹnu ara wa pe ibi. Jẹ́ kó máa kọ 'Àlàáfíà ni.'"

"Sà, bí kékeré bá gbé e mì, ńlá ò ní gbọ́ o."

"Ìgbàgbọ́ rẹ dà?"

Ó yọ ìlà kan ṣoṣo tó ń ju àṣìṣe sókè; láti ọjọ́ náà, "Àlàáfíà ni" nìkan ni kọ̀ǹpútà ń kọ.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, bí mo ṣe ń ka "Àlàáfíà ni" lójú kọ̀ǹpútà, Nùrẹ́nì tó ń tọ́jú bọ́ílà pè mí lórí fóònù.

"Alàgbà! Nǹkan yìí ń gbọ̀n o! Páìpù ti bẹ́, oru omi gbígbóná dí ojú ọ̀nà, mi ò lè jáde! Ẹ paná!"

Mo kúnlẹ̀. Bùkọ́lá ò kúnlẹ̀. Ó ṣí ètò náà, ó tẹ ìlà yẹn padà, ó tún un tan. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Nínú fóònù, Nùrẹ́nì ti ń ka kálímà bí ẹni tó ń kú lọ.

Pupa yọ: "Ó kùnà!" Iná kú.

Ó pẹ́ kí oru náà tó rọlẹ̀. Nùrẹ́nì jáde, apá rẹ̀ kan ti bó.

"Alàgbà, àlàáfíà yín fẹ́ sè mí bí ẹ̀wà."

N kò rí ẹ̀rín rín. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá àdúrà mi ni Ọlọ́run dáhùn, tàbí Ó ti dáhùn lẹ́nu Bùkọ́lá kí n tó pa á lẹ́nu mọ́.

Pupa ṣì máa ń yọ nígbà àdúrà òwúrọ̀. A máa ń dá àdúrà dúró, kí n lọ wo bọ́ílà ná.