Ọdún Tí Ìdun Wọlé Wa ní Ẹ̀gbẹ́dá

Ọdún tí ìyá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ẹ̀gbẹ́dá ni ìdun wọlé wa. N kò lè sọ pé báyìí ló ṣe wọlé, nítorí kí a tó mọ̀ pé òun ni, ó ti pẹ́ tó ti ń bá wa sùn.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo gbà, nínú ilé gígùn kan lẹ́yìn ọ̀nà tó lọ sí Ìdímù. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọkọ mi ti kú kí n tó kó débẹ̀, àwọn ọmọ mi sì wà nílé ìwé gíga. Nígbà tí orúnkún ìyá mi kò jẹ́ kó lè dá gbé nílùú wa mọ́, mo lọ mú un wá. Mo fún un ní bẹ́ẹ̀dì mi, èmi sì tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ara yíyún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀fọn ni, nítorí gọ́tà iwájú ilé wa kì í gbẹ. Mo ra nẹ́ẹ̀tì, mo so ó mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì. Mo ra oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń tanná sí. Ara ṣì ń yún wa. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì wo apá mi, ó ní kúrúnà ni, ó fún mi ní ìpara kan. Òórùn ìpara náà gba gbogbo kíláàsì. Àwọn ọmọ ń wò mí bí mo ṣe ń họra níwájú pátákó, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru.

Ìyá mi ló sọ ohun tó jẹ́. Mo ń gbálẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan, òun sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó dìde dúró pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Bá mi gbé igun fóòmù yìí sókè."

Mo gbé e. Ní ojú ibi tí wọ́n ti rán an, mo rí àmì dúdú wínníwínní, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹnu bírò kàn án káàkiri. Ìyá mi fi èékánná tú ojú rírán náà díẹ̀. Kòkòrò pẹlẹbẹ kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú rìn jáde, kò tilẹ̀ kánjú.

"Ìdun ni," ìyá mi wí. "Òórùn rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́. Mo rò pé o mọ̀, pé ojú ló ń tì ẹ́."

"N kò mọ̀, Màámi."

"Ó kún ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mi ò lè ṣi òórùn yẹn mọ̀."

N kò mọ ìgbà tí ojú mi lọ síbi báàgì ńlá tó fi kó ẹrù rẹ̀ wá láti ilé, èyí tó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó rí mi.

"Ẹrù mi lò ń wò."

"Rárá mà."

"Ó lè jẹ́ òun. Ó sì lè jẹ́ àga tó o rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó kúrò ní Ìkọ̀tún. Ṣé ká wá jókòó ká máa ṣèwádìí ẹ̀ ni, àbí ká gbómi kaná?"

Mo gbé omi kaná. Ọ̀rọ̀ ibi tó ti wá parí síbẹ̀, a kò sì mọ̀ ọ́n títí dòní.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kejì tí ẹnikẹ́ni kò gbà mí sí. Mo ń da omi gbígbóná sí oríkèé bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi bírọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó pa kẹrosíìnì sí ojú ìṣó. Mo ń se aṣọ bí ẹni ń se iṣu. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó bọ́ bàtà ni màá ti máa wo ojú fóòmù. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń mọ ìwà wọn. Wọn kì í gbé ara ènìyàn bí iná orí. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á padà sínú ihò: ẹ̀yìn fọ́tò ọkọ mi tí mo gbé kọ́ ògiri, inú ike tí a ń ki wáyà iná bọ̀, etí kọ́tìnì, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹyin wọn funfun, ó kéré ju hóró iyọ̀ lọ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ pákó bí ẹni pé wọ́n fi gúlúù tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá pa àwọn àgbà lónìí, tí mo sinmi díẹ̀, tí mo ń dúpẹ́, ẹyin á pa, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ní wọ́n lè wà láìjẹun fún oṣù mélòó kan, wọ́n á kàn máa retí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tán mi lókun jù. Èmi kò lè wà láìsùn fún oṣù kan.

Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí gbogbo ilé bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo máa ń gbé fóòmù jáde sínú oòrùn lẹ́yìnkùlé, màá sì gbé e wọlé kí wọ́n tó dé. Mo ń sọ fún àlùfáà wa pé ìyá mi ni kò jẹ́ kí n ráyè wá sí ìsìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé, tàbí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò.

Ìyàwó kékeré kan ń gbé yàrá tó kàn wá, òun àti ọkọ rẹ̀. Irun ló ń ṣe ní iwájú òpópónà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun sì ni. Ìyàwó wa ni mo máa ń pè é, òun ń pè mí ní Àǹtí Tíṣà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, mo wà ní Ìyànà Ìpájà níbi tí mo ti lọ wá aṣọ tó nípọn tí a lè fi wé fóòmù, ni fóònù mi dún. Ìyá onílé ni.

"Tíṣà, máa bọ̀ nílé. Ìyá ẹ ń bì."

N kò lè sọ bí mo ṣe délé. Mo bá ìyá mi lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ẹnu rẹ̀ ń yọ itọ́, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìyàwó wa kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn, ó di ẹsẹ̀ ìyá mi mú, ó ń sunkún. Òórùn oògùn kòkòrò gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò kéékèèké tà ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò ní orúkọ lára.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àǹtí, mo fín yàrá wa kí n tó máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fín in dáadáa, mo sì ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ̀ pé ó máa gba òkè àjà lọ bá Mọ́mì."

Lóòótọ́, ògiri tó wà láàárín wa kò kan páànù. Àjà kan náà ló bo gbogbo wa.

"Kí lo ń fín?"

Ó sorí kọ́. Ìyá mi ló sọ ọ́, láàárín èémí kan sí èkejì: "Ìdun ni. Kí lẹ tún ń fi pa mọ́?"

A gbé e lọ sí ọsibítù kékeré kan nínú kẹ̀kẹ́, ìyàwó wa sì bá wa lọ láìbọ́ sùtánà. Wọ́n fi ike sí i nímú kó lè rí atẹ́gùn tó dára fà. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ bi wá léèrè ohun tó fà á simú, ó sì mi orí. Ó ní kì í ṣe ìyá wa nìkan ni wọ́n ti gbé wá nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀, pé ohun tí ènìyàn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yẹ ní fífín síbi tí ènìyàn ń sùn, pàápàá ilé tó há. Kò bá wa jà. Ó jọ pé ó ti rẹ òun náà láti máa sọ ọ́.

Bí a ṣe jókòó lórí àga gígùn níta, ìyàwó wa sọ fún mi pé láti bí oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ní in. Ó ní ọkọ òun ti halẹ̀ láti lé òun padà sílé òbí òun bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́. Bó bá ti fín yàrá tiwọn, ìdun á sá wá sọ́dọ̀ wa. Bí mo bá ti da omi gbígbóná sí tèmi, wọ́n á sá padà lọ bá a. A ti ń lé wọn síra wa láìmọ̀.

"Èmi náà ní in," mo wí.

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó gbé orí rẹ̀ lé mi léjìká, ó sì sùn síbẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi padà sílé, ikọ́ kò tètè fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí a pe gbogbo ilé jọ. Ìyá onílé kọ́kọ́ bínú. Àgbàlagbà obìnrin ni, ọmọ onílẹ̀, àdúgbò yẹn ni wọ́n bí i sí nígbà tó ṣì jẹ́ oko.

"Kò sí ìdun nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ gbé e wá. Ẹ gbé e lọ."

Ìyá mi fi ọ̀pá tilẹ̀ dé iwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká wo bẹ́ẹ̀dì tiyín."

Wọ́n jọ wọlé, àwọn méjèèjì nìkan. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá onílé fìdí lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Mo rò pé ogbó ló ń yún mi lára," ó wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó fi hàn wá. Ọkọ ìyàwó wa ló kọ́kọ́ dìde lọ gbé ìkòkò ńlá.

Sátidé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ilé ìwé ti gba ìsinmi, ni gbogbo wa kó ẹrù jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kí oòrùn tó gbóná, bẹ́ẹ̀dì, fóòmù, àga, àpótí aṣọ, gbogbo ohun tí a ní ti wà lójú títì. N kò mọ̀ pé ìwọ̀nba ohun ìní wa rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti gbó, ó ti ya, ó ti lábààwọ́n. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò wá. Obìnrin kan tó ń lọ sọ́jà bi wá tàánútàánú pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé wọ́n lé yín jáde ni?"

Ìyá onílé dá a lóhùn láti orí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ròkè: "Ìdun là ń lé."

Mo rò pé ilẹ̀ máa lanu gbé mi mì. Obìnrin náà kàn sún mọ́ wa, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Omi gbígbóná là ń dà sí gbogbo oríkèé pákó. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná là ń tẹ̀ mọ́ ojú rírán fóòmù lórí aṣọ tútù, kí ooru lè wọ inú. Aṣọ tí a ti sè, a sá a gbẹ, a dì í sínú ọ̀rá dúdú. Ọkọ ìyàwó wa po sìmẹ́ńtì, ó dí gbogbo ibi tó lanu lára ògiri àti etí àjà. Nígbà tí a kó bẹ́ẹ̀dì padà, a fà wọ́n kúrò lára ògiri, a sì ki ẹsẹ̀ wọn bọ inú agolo omi ọṣẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi kò lè mú ṣíbí.

Kò tán. Ẹyin tó kù pa, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún wa díẹ̀díẹ̀, a sì tún un ṣe. Nígbà kẹta, ọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ kò jáde. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà.

"Ó ti rẹ̀ mí, Tíṣà," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ mí."

Bó ṣe ń ṣe é náà ló ń ṣe mí. Ìyá mi ló dáhùn láti ẹ̀yìn mi: "Tí wọ́n bá jẹ ọ́ yó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀, ọmọ mi. Dìde." Ó dìde, ó sì jókòó díẹ̀ kó tó lè gbé nǹkan kan.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, a kò rí wọn mọ́. Ìyá mi ṣì ń húkọ́ bí atẹ́gùn bá tutù, kò sì lè rìn jìnnà mọ́. Ìyàwó wa ló máa ń wá fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ kí n tó jáde láàárọ̀. Ó pẹ́ kó tó dẹ́kun kíkúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ní kó jọ̀ọ́, kó dìde, ilẹ̀ tutù.

Ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé wọlé padà, mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò, mo ní kí n gbé orí lé tábìlì díẹ̀. Nígbà tí mo lajú, aago ìsinmi ti dún kọjá. Gbogbo wọn ṣì jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọmọbìnrin kan tó wà níwájú sì ń fi ìka sẹ́nu sí àwọn tó kù pé kí wọ́n má pariwo. Mo nu ojú mi. Mo ní kí wọ́n jáde lọ ṣeré, mo sì tún gbé orí mi lé tábìlì padà.