Moufoutaou Ẹlẹ́ja àti Ohun Tó Gbé Lọ sí Riviera

Moufoutaou kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2011. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Àwọn tó wá kí ìyá rẹ̀ ní Koumassi nínú Abidjan ń wí pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Irọ́ gbuu ni. Aláriwo ni. Bó bá ń polówó ẹja, àwọn tó wà létí ọ̀sà ń gbọ́ ọ. Ó ń bá oníbàárà jà, ó ń bá ẹja fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ká sọ òótọ́ nípa òkú, kó lè sùn dáadáa.

Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Òun ní tirẹ̀, Abidjan ni wọ́n bí i sí. Ó lọ iléèwé dé CM2, òpin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ní ìyẹn tó. Ẹja yìnyín ló ń tà, chinchard àti sárídìnì, ó sì ní yàrá yìnyín kékeré kan lẹ́yìn ọjà Koumassi. Òfin kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé: ohun tó bá ń yára bàjẹ́, fi yìnyín bò ó. Ìgbà tí ehín ń dùn ún, yìnyín ló fi sẹ́nu. Ìgbà tó bá ìyàwó rẹ̀ jà, yàrá yìnyín ló lọ jókòó sí títí ètè rẹ̀ fi dúdú.

Ìyàwó rẹ̀ ni Nafissa. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé kan ní Bingerville, ibẹ̀ náà ni ilé bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Wọ́n fẹ́ra fún ọdún mẹ́fà, ọmọ ò sí. Nafissa ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó wà fún obìnrin. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n da omi sínú ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Dókítà obìnrin kan ní ilé ìwòsàn kan ní Riviera wo fọ́tò náà, ó ní ọ̀nà mọ́ tónítóní.

"Madame, ó ku ọkọ yín."

Ọkọ kọ̀. Ó ní ọkùnrin tó ń gbé odidi páálí ẹja lórí láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kí ni wọ́n tún fẹ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀?

Nafissa ní, "Orí lẹ fi ń gbé e. Dókítà ò bèèrè orí."

Ìyá Moufoutaou ló mú un lọ nígbẹ̀yìn, láìmọ̀. Àgbàlá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ní ọdún 2008, màmá ní òun ti rí ọmọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, Sàlímátù, ọmọ Alàájì Ṣẹ̀rífù. Òun ti bá Alàájì sọ ọ́, ó ti gbà. Bí wọ́n bá ti ṣe Iléyá tán, ọmọ náà á dé. Màmá ra ibùsùn, ó ní kí wọ́n gbé e sí pálọ̀.

"Mi ò lé Nafissa o," ni màmá wí. "Ilé gba àwọn méjèèjì."

Nafissa ò bá a jiyàn. Inú yàrá ló ti dá ọkọ rẹ̀ lóhùn. "Bí ẹnikẹ́ni bá sùn lórí ibùsùn yẹn, mo padà sí Bingerville nìyẹn. Mi ò ní jókòó kí wọ́n máa fẹ́yàwó lé mi lórí, nígbà tí ẹ ò tíì jẹ́ ká mọ̀ bóyá èmi ni."

Moufoutaou mọ̀ pé kì í ṣeré. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń yọ egun ẹja fún un kó tó jẹun. Ó lọ sí Riviera.

Wọ́n fún un ní ike kékeré kan tó ní ìdérí, wọ́n fi yàrá kan hàn án. Àga kan wà níbẹ̀, àti ìwé ìròyìn kan tí àwọn obìnrin inú rẹ̀ ti gbó. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹnì kan ń nu ilẹ̀, ó ń kọ orin ìjọ. Moufoutaou jókòó títí. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mùsùlùmí wo ló máa rí i ṣe nígbà tí wọ́n ń pe Jésù létí ilẹ̀kùn?

Ó jáde pẹ̀lú ike òfìfo. Nọ́ọ̀sì ní kò burú, kó ṣe é nílé, kó gbé e wá kíákíá. Ó ṣàlàyé bó ṣe máa gbé e. Ó ṣàlàyé dáadáa, ó tiẹ̀ fọwọ́ júwe. Ṣùgbọ́n ojú ń ti Moufoutaou, ògiri ló ń wò. Ohun kan ṣoṣo ló wọ etí rẹ̀: ó ń tètè bàjẹ́. Ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀. Ohun tó ń tètè bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Nafissa ti lọ sí iléèwé, ó ṣe ohun tí ọkùnrin ń ṣe. Ó dé ike náà pinpin. Ó mú àpótí yìnyín tó fi ń gbé ẹja fáwọn oníbàárà ńlá. Ó da yìnyín sísàlẹ̀, ó gbé ike sáàárín, ó fi yìnyín bò ó, ó wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i kó lè tutù dé egun. Ó wá fi chinchard méjì lé e lórí, kí ẹni tó bá ṣí i má baà bi í léèrè.

Obìnrin kan jókòó tì í nínú taxi. Ó ń wo àpótí.

"Kí ló wà níbẹ̀, tọ̀ntọ́n?"

"Ẹja."

"Jẹ́ kí n rà níbẹ̀."

"Kì í ṣe títà."

"Ẹlẹ́ja tí kì í tẹja. Kí ni ẹ wá ń gbé e lọ fún?"

"Wọ́n fẹ́ wò ó ní ilé ìwòsàn."

Obìnrin náà sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi gèlè bo imú.

Nígbà tí àbájáde jáde, dókítà wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Monsieur, kò sí èyí tó wà láàyè nínú wọn." Ó ní kó padà wá ṣe òmíràn, pé àyẹ̀wò kan kò tó. Ó ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, àwọn tọkọtaya kan wà tí wọ́n ń gba ti ọkùnrin mìíràn lò. Moufoutaou ò gbọ́ èyí tó ṣáájú. Ti ọkùnrin mìíràn ló gbọ́.

Ó délé, ó parọ́ pé àbájáde ò tíì jáde. Kò padà lọ. Ó ń tẹja, ṣùgbọ́n kò pariwo mọ́. Àwọn ará ọjà rò pé ọ̀fun ló ń dùn ún, wọ́n ń po oyin fún un. Nílé, màmá ti ra ìrọ̀rí sórí ibùsùn. Nafissa ń gbálẹ̀ yí i ká lárààárọ̀, kì í fọwọ́ kàn án. Lọ́sàn-án Sunday kan, Moufoutaou wọ yàrá, ó rí i pé ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ìwé iléèwé rẹ̀ sínú páálí. Páálí ẹja ni.

Ó bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọṣọ. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

"Nafissa, èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mi ò lè bímọ. Mo ti gba àbájáde, ó pẹ́. Gbogbo wọn ló ti kú. Ìwọ ò ní àléébù kankan. Bó o bá fẹ́ lọ, o lẹ́tọ̀ọ́. O lè rí ẹni tí tirẹ̀ wà láàyè."

Olùkọ́ ni Nafissa, ó ti mọ́ ọn lára láti bèèrè bí ọmọ ṣe dé ibi ìdáhùn.

"Ibo lẹ ti ṣe é?"

"Nílé níbí. Ẹnì kan ń kọrin lọ́hùn-ún."

"Báwo lẹ ṣe wá gbé e dé Riviera?"

"Mo tọ́jú rẹ̀ gan-an. Inú yìnyín."

Nafissa gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Yìnyín."

"Mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i."

"Iyọ̀."

"Chinchard méjì ló wà lókè."

Ẹ̀rín gbá Nafissa lọ. Ó rín in títí ó fi jókòó sínú ọpọ́n. "Abẹ́ apá ni wọ́n ń há a sí, Moufou. Abẹ́ apá, kó lè móoru. Ohun tó ń gbénú ara èèyàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, ẹ mú un, ẹ sọ ọ́ di sárídìnì." Ó tún rín. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, omi ojú rẹ̀ ń dà. "Ẹ mọ̀ látìgbà yìí. Èmi ń gbálẹ̀ yí ibùsùn yẹn ká, ẹ̀yin mọ̀."

Moufoutaou bẹ̀rẹ̀, ó mú aṣọ náà nílẹ̀, ó ń ṣan án. Kò ṣe é rí láyé rẹ̀. Àwọn ará àgbàlá jáde wá wò ó.

Lẹ́ẹ̀kejì, ilé ìwòsàn ló ti ṣe é. Nafissa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ ẹni tó ń nu ilẹ̀ pé kó lọ kọrin ní òkè. Àbájáde dé: wọ́n wà láàyè, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀, wọn ò sì yára. Moufoutaou ní wọ́n dà bí òṣìṣẹ́ ìjọba láàárọ̀ Monday. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé wọ́n fún un ní oyè.

Ó wá ku màmá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, màmá lórí ibùsùn tuntun, àwọn méjèèjì lórí ẹní.

"Màmá, èmi ni mo ní ìṣòro. Kì í ṣe Nafissa."

"Ta ló sọ ìsọkúsọ yẹn? Nínú ìdílé bàbá rẹ, kò sí ọkùnrin tí kò bímọ. Àwọn ọ̀lẹ ibẹ̀ pàápàá bí."

"Wọ́n fi ẹ̀rọ hàn mí, màmá. Mo fojú mi rí wọn."

"O rí wọn? Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń wọ́."

Nafissa ló wá ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ. Wọ́n lè fún Moufoutaou lóògùn, kí wọ́n máa retí. Wọ́n sì lè gba àtọ̀ rẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n ṣa àwọn tó lágbára, kí wọ́n fi wọ́n sínú ilé ọmọ lọ́jọ́ tí ẹyin obìnrin bá bọ́.

"Wọ́n á fọ̀ ọ́?" ni màmá bèèrè. "Ọṣẹ wo ni wọ́n ń lò?"

"Màmá, kì í ṣe aṣọ," ni Moufoutaou wí.

"Bí kì í bá ṣe aṣọ, ibo ló ti dọ̀tí?"

Nafissa ń bọ́rọ̀ lọ. Èyí tó le jù ni FIV. Wọ́n á mú ẹyin jáde lára obìnrin, òun àti àtọ̀ á pàdé nínú àwo dígí, bó bá di ọlẹ̀, wọ́n á dá a padà sínú. Owó rẹ̀ pọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ pọ̀, kò sì dájú.

"Inú àwo ni ọmọ-ọmọ mi á ti bẹ̀rẹ̀?" Màmá ro ó wò. "Ta ló máa ṣọ́ ọ kí ológbò má dà á nù? Ti ọkùnrin mìíràn tí wọ́n sọ yẹn ńkọ́? Ó rọrùn. Ta ló máa mọ̀?"

Moufoutaou fò dìde. "Màmá, kò bá ẹ̀sìn mu."

"Ẹ̀sìn. Ìwọ tí mọ́ṣáláṣí ń rí ní ọjọ́ Jímọ̀ nìkan, bí òjò ò bá rọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ màmá," ni Nafissa wí lórí ìkúnlẹ̀, "ara mi ni abẹ́rẹ́ máa wọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mi ò fẹ́ ti oògùn àti ìretí. Mo ti retí tó. A ó ṣe ti fífọ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá mú, a ó sinmi, a ó ro ti àwo. Bí ìyẹn náà ò bá mú, a ó gba kádàrá. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe ọ̀kankan nínú wọn bí ìyàwó bá ń bọ̀ wá sórí ibùsùn yìí."

Màmá fọwọ́ pa ìrọ̀rí náà. "Ẹ̀yìn ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Èmi ni n ó máa sùn lé e." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ti tọrọ ọmọ ọlọ́mọ. Bí a bá kàn ní a ò ṣe mọ́, gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ á ní kí la rí lára Sàlímátù. Ọmọ náà ò ní rọ́kọ fẹ́ mọ́. Ẹni tó ni àléébù ni kó sọ ọ́." Ó tẹ nọ́ńbà, ó na fóònù sí i.

Alàájì Ṣẹ̀rífù gbé e lọ́hùn-ún. Wọ́n kíra títí, wọ́n kí ẹran Iléyá tí wọn ò tíì rà. Moufoutaou wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni fa ẹ̀gún yọ.

"Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ yín. Mo ṣe àyẹ̀wò, èmi ni mo ní àìsàn. Àtọ̀ mi ò dá pé. Bó bá wá sọ́dọ̀ mi, á jìyà lásán ni."

Wọ́n gbọ́ tí Alàájì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó padà dé, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, Ọlọ́run á wò ọ́ sàn. Kí lo ní wọ́n ń pe àyẹ̀wò yẹn? Mo ní àkọ́bí kan, Sàlíhù. Ìyàwó kẹta ló wà nílé rẹ̀ báyìí. Àwọn obìnrin la ń lé látìgbà yìí."

Moufoutaou jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé pẹ̀lú ariwo, títí gbogbo àgbàlá fi mọ bí wọ́n ṣe ń fọ àtọ̀. Nafissa ń fọwọ́ júwe pé kó rọra. Màmá ní unité, owó inú fóònù òun, ń lọ.

Fífọ àkọ́kọ́ kò mú. Nafissa sunkún, Moufoutaou lọ bá gbogbo oníbàárà jà. Ìkejì mú. Mubeenah ni wọ́n sọ ọmọ náà. Sàlíhù wá síbi ìsọmọlórúkọ láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ní ọmọ lòun wá kí. Lọ́jọ́ kejì, Moufoutaou mú un wọ taxi lọ sí Riviera, kò jẹ́ kó gbé nǹkan kan dání. Àwọn obìnrin jókòó sílé. Ìyàwó Sàlíhù gba Mubeenah kó lè gbé e díẹ̀. Nafissa ò gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ títí àwọn ọkùnrin fi dé.