Ilẹ̀ tó Le, Ilẹ̀ tó Ki

Ìpìlẹ̀ yàrá ìkàwé la bá iṣẹ́ dé nígbà tí ìyàwó mi kú. Olùkọ́ ni, ẹ̀yìnkùlé wa ní Bódìjà ló sì fẹ́ kọ́ ọ sí fún àwọn ọmọ àdúgbò. Òun nìkan ni ohun tó ní kí n bá òun parí. N kò fẹ́ kí ilẹ̀ yàrá náà sán.

Ní ọdún kejì, a da ilẹ̀ pupa kún ìpìlẹ̀ náà, bíríkìlà sì fi ẹ̀rọ gún un. Ó ku ọ̀la kí a da kọnkéré, ó fi gìgísẹ̀ jan ilẹ̀.

“Ó ti le, Bàbá. Àfi tí ẹ bá fẹ́ kí erin wá jókòó kàwé níbẹ̀.”

Iṣẹ́ ojú ọ̀nà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò gba ẹ̀rí gìgísẹ̀. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ kan tó ní ọ́fíìsì ìdánwò ilẹ̀ ní Ring Road. Ó gbé irin ṣóńṣó kan wá, èyí tí wọ́n ń fi òòlù gbá wọlẹ̀ láti mọ bí ilẹ̀ ṣe le tó.

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, sà.”

Mo kọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Irin náà á sọ pé ilẹ̀ le, kò ní sọ bóyá ó ki. Ìdí ẹ̀kọ gbígbóná ni ìyàwó mi ti kọ́ mi ní ìyàtọ̀ yẹn. “Ojú ló le, Bàbá ọmọ mi. Kò ki.”

Iyanrìn ni mo yàn. A ó gbẹ́ ihò kékeré, a ó wọn ilẹ̀ tó jáde, a ó sì fi iyanrìn gbígbẹ tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ kún ihò náà, kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà, a ó yan ilẹ̀ yẹn kí omi inú rẹ̀ tán, a ó tún un wọ̀n. Ó falẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé tàn jẹ.

Agbada méjì ló wà ní ilé ìdáná. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yan ilẹ̀ nínú agbada àkàrà, ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó gbé àkàrà síwájú mi, ó ní, “Ẹ tọ́ ọ wò, bóyá ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni mo dín.” Lọ́jọ́ kejì ó kun etí agbada kejì ní ọ̀dà pupa, ó ní tèmi nìyẹn. Báyìí, kò sí ẹni tó máa bi mí léèrè agbada tí mo mú. Èyí tó ní ọ̀dà pupa ni mo mú.

Ihò àkọ́kọ́ kùnà: ilẹ̀ náà kò ki tó. Mo wo bíríkìlà.

“Omi ò dé lọ́jọ́ yẹn, Bàbá,” ó ní. “Gbígbẹ la gún un.”

A kó gbogbo rẹ̀ jáde, à ń dà á padà díẹ̀díẹ̀, à ń wọ́n omi sí i, à ń gún un. Mo gbẹ́ ihò mẹ́ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yege.

Bíríkìlà gbé gìgísẹ̀ sókè, ó rántí, ó rọra gbé e kalẹ̀.

“Bàbá, ó ti ki.”

Mo ní kó lọ pe àwọn oníkọnkéré.