Ilé Tí Mo Kọ́ fún Ìjàpá Ìyá Rẹ

Ọjọ́ tí ìyá rẹ torí ìjàpá kọ oúnjẹ n'Ísọlọ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Ìwọ ọmọ ọmọ mi, kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Bíríkìlà ni mí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ̀lú, gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé. Ṣadé, ìyá rẹ, ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ó ní ìjàpá kékeré kan. Mo fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé fún un lẹ́yìnkùlé, mo fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ ẹ̀, ó ń dán.

Láàárọ̀ la gbé ìjàpá wọlé. Ó kó orí àti ẹsẹ̀ wọnú ìkarahun. A fún un ní ẹ̀fọ́, a fún un ní ìbẹ́pẹ, kò jẹ. Ni ìyá rẹ bá ti ẹ̀bà tiẹ̀ náà sẹ́yìn.

"Bí ò bá jẹ, èmi náà ò jẹ."

Ó di ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ ò tíì fẹnu kan nǹkan. Ẹ̀rù wá bà mí.

Ìyá Ràṣídà, ará ilé wa, wá wo ilé ìjàpá náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ṣadé, ẹ rẹ́ ilẹ̀ fún ìjàpá? Ẹ ò kúkú ra bẹ́ẹ̀dì fún un! Iyẹ̀pẹ̀ ló ń fẹ́."

Mo gbé òòlù, mo fọ́ ilẹ̀ náà, mo da iyẹ̀pẹ̀ tútù sí i. Nígbà tó yá, ìjàpá yọrí, ó fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ díẹ̀, ó gé ìbẹ́pẹ jẹ.

"Bàámi, ó ń jẹ o!"

Ìyá rẹ jókòó tì í nínú iyẹ̀pẹ̀, ó jẹ ẹ̀bà ẹ̀ tán, ó ní ká bu sí i.

Mo kọ́lé púpọ̀ láyé mi. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó èyí tí mo fọ́ ilẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.