Àyè Tí Wọn Ò Kọ Ebè Sí

Sójà ni bàbá bàbá mi. Ó ja ogun Hítílà ní Bọ́mà, ó padà dé láyọ̀, ó wá lọ kú sí oko iṣu tó ń dá lẹ́yìn Àgọ́-Àmọ́dù, níbi tí kò sí ìbọn kankan. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín sínú oko, torí àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn. Kí ìròyìn tó dé etí ìyàwó rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ilẹ̀ ti bò ó.

Ìyá àgbà ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa jáde, òjò ti rọ̀, koríko ti hù, àwọn tó sin ọkọ rẹ̀ sì ní obìnrin kì í lọ sí ojú sàréè. Wọn ò fi àmì kankan síbẹ̀. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún?

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá àgbà ránṣẹ́ pè mí. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ó ní kí èkejì tó tẹ̀ lé e, òun fẹ́ rí ibi tí ọkọ òun sùn sí. Tíṣà ni mí nígbà náà, mo sì rò ó pé wàhálà lásán ni. N ò purọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé nínú àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ náà. Eyín ti tán lẹ́nu bàbá yìí, kò sì lè rìn dóko mọ́. Ó ní àwọn kàn sọ fún ẹni tó gba oko náà pé kó má kọ ebè lé ibẹ̀ ni. Kí n lọ wá ibi tí kò lébè. Mò ń rẹ́rìn-ín nínú. Oko tó ti ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ fún bí ogún ọdún!

Èmi àti ìyá àgbà débẹ̀ nínú ọyẹ́. Àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò bá wa tan rárá. Ebè lọ súà, wọ́n ti gbin iṣu sí i, wọ́n ti fi koríko bò ó lórí. Láàárín wọn, mo rí ilẹ̀ gbọọrọ kan tó ṣófo. Mo bi àgbẹ̀ náà léèrè ìdí rẹ̀.

Ó ní, “Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Ẹni tó fún mi lóko ò kọ ebè síbẹ̀, èmi náà ò kọ.”

Mo sọ fún un pé èèyàn ló wà níbẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ẹnu ya èmi gan-an, ojú sì tì mí.

Ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà láti orí dé ìsàlẹ̀. Mo rò pé yóò sunkún ni.

Ó ní, “Ó ga ju báyìí lọ.”

Òótọ́ ni. Ọdọọdún ni ọkọ́ ti ń bu díẹ̀díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Àgbẹ̀ náà lọ sídìí ebè tó wà lápá orí, ó yọ èbù iṣu inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi ọkọ́ tú ebè náà títí ilẹ̀ fi tẹ́jú. Ó bi ìyá àgbà pé ṣé ó tó.

Ìyá àgbà tún un wọ̀n.

“Ó ku ibi ẹsẹ̀ rẹ̀.”

Ọkùnrin náà gbé ọkọ́, ó lọ sídìí ebè kejì.