Àpò Oògùn Méjì Lórí Bákónì

Òórùn irin tí àwọn wẹ́dà ń jó pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní òpópónà yẹn ní Pápá Àjàó. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí mo ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ fún màmá àgbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń dá gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Súrùlérè. Màmá kì í jẹ́ kí n tètè lọ. Wọ́n á po tíì tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù fún mi, wọ́n á wá máa tún Yorùbá mi ṣe. "Ọmọ Èkó yìí," wọ́n á ní, "èdè ti bàjẹ́ lẹ́nu rẹ." Kí n má purọ́ fún ọ, ó máa ń sú mi nígbà mìíràn.

Nígbà tí ilé ìwòsàn wa ra dúróònù, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kì í gbé èèyàn, láti máa fi gbé oògùn lọ sílé àwọn àgbàlagbà, inú mi dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rábàbà lókè bákónì màmá, ó fi okùn sọ àpò oògùn kalẹ̀, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní àwọn wẹ́dà pàtẹ́wọ́. Màmá pè mí lórí fóònù.

"Oògùn dé o. Ìwọ náà ńkọ́, ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Mo ń bọ̀ láìpẹ́, mà."

N kò lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, fọ́tò wọlé. Àpò méjì ló wà níbẹ̀: tuntun, àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí òjò ti pa, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Mo rí i kedere. Mo pe fóònù màmá lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò gbé e. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn ló ti wá mú wọn lọ. Mo kọ "ó ti dé" síwájú orúkọ wọn nínú ìwé wa, mo bọ́ sórí ẹni tó kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́, mo lọ. Wẹ́dà kan ló bá mi já ilẹ̀kùn. Màmá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnu wọn ti yẹ̀ sápá kan. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n dá mi mọ̀. Wọ́n di aṣọ mi mú, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde.

"Orúnkún wọn ló wú, wọn ò lè rìn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ni wẹ́dà náà wí. "Ṣùgbọ́n à ń rí ọkọ̀ yín lókè. A rò pé ẹ̀ ń tọ́jú wọn ni."

Dókítà ní ọsibítù tí a gbé wọn lọ wò mí títí. "Ká ní ẹ gbé wọn wá lánàá ni…" Màmá kú lọ́jọ́ kẹta.

Mo máa ń fi í tu ara mi nínú pé ẹ̀rọ ò lójú. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ náà rí i, ó sì fi hàn mí. Èmi ni mo gbójú kúrò, nítorí pé mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi gba àwọn arúgbó lọ́rùn mi.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọmọ wọn di ọwọ́ mi mú. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun tí ẹ dúró ti màmá mi." Títí di òní, ó ṣì máa ń pè mí lọ́dọọdún, á gbàdúrà fún mi. Mo máa ń ṣe àmín. N kò tíì sọ ti fọ́tò yẹn fún un.