Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ìwáyà ni wọ́n bí Fàósátù sí, létí ọ̀sà. Ẹni tó bá dàgbà létí ọ̀sà, ohùn rẹ̀ kì í kéré. Bàbá rẹ wà nínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, ìwọ wà lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ wà láàárín yín, oúnjẹ sì ti jinná. O ní láti pè é kó jẹ́. Ohùn yìí ni Fàósátù gbé lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, òun náà ló gbé wọ ilé ọkọ ní Múṣin.

Ṣàfíù káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ìyá Ṣàfíù ló ń pàṣẹ nínú ilé. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹ́ Sàúdátù. Ọmọ ọdún méje ni, ṣùgbọ́n ọkọ Fàósátù lòun náà. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, wọ́n kéré ni, wọ́n dàgbà ni, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu pe orúkọ wọn. Orúkọ mìíràn ló máa sọ wọ́n. Eyínmẹ́nugún ni Fàósátù sọ Sàúdátù, torí eyín rẹ̀ dára. Nígbà tí ọmọ náà ká eyín iwájú, orúkọ ò kúrò.

Ọmọ náà mọ ipò rẹ̀.

"Ìyàwó, bu omi fún mi."

"Mo gbọ́, ọkọ mi."

"Kó tutù o."

Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ìwé di ọ̀fẹ́. Wọ́n kọ́ iléèwé kan sí ẹ̀yìn ilé wọn gan-an, òrùlé páànù, ògiri tí kò ga ju ìbàdí lọ. Wọ́n fún Fàósátù ní kíláàsì kìn-ín-ní kó máa kọ́ wọn ní Yorùbá. Sàúdátù jókòó síwájú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Fàósátù ń pe àwọn ọmọ lórúkọ. Nígbà tó dé orí ti Sàúdátù, ahọ́n rẹ̀ yà bàrá. "Eyínmẹ́nugún!"

Àwọn ọmọ wo ẹnu Sàúdátù. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. "Eyín dà?" ni wọ́n fi ń lé e kiri nígbà eré.

Èyí ṣì rọrùn. Ìgbà tí wọ́n dé orí orúkọ kíkọ ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Bí Fàósátù ṣe ń kọ́ni ni pé á pe orúkọ ọmọ, á fi dò, rè, mí kọ ohùn rẹ̀ bí orin. Ọmọ á gbè é, kó tó fi ẹfun kọ ọ́ sórí síléètì. Orúkọ tí tíṣà kò bá pè, ọmọ ò lè kọ ọ́. Oníkálukú ń gbé síléètì sókè. Ti Sàúdátù ṣófo. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Fàósátù wò ó títí. Ó wá la ẹnu.

"Sàúdátù. Sà-ú-dá-tù. Dò, mí, mí, dò."

Ọmọ náà gbójú sókè. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ìyàwó, o pè mí!"

"Tíṣà ni mí níbí. Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Lẹ́tà kan kẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí, ṣùgbọ́n orúkọ pé.

Ọmọ kì í gbé irú èyí pamọ́. Kí Fàósátù tó délé, gbogbo agboolé ti gbọ́. Ìyá Ṣàfíù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ní o ka orúkọ ọmọ mi bí ẹni ka ata lórí àtẹ."

Fàósátù kúnlẹ̀. "Mo pè é, Mà."

"O pe ọkọ rẹ lórúkọ!"

"Nílé, ọkọ mi ni. Níbẹ̀, ọmọ ìwé mi ni."

"Iléèwé ọ̀hún, ṣé òkè òkun ló wà?"

"Ẹ̀yìn ilé wa ni, Mà."

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Sàlíhù tó jẹ́ olórí ẹbí pe gbogbo ilé jọ. Kò fa ọ̀rọ̀ gùn. "Ìyàwó, bẹ ìyá ọkọ rẹ. Sọ pé o ò ní pè é mọ́. Ó tán."

Fàósátù fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. "Mo bẹ̀ yín, Mà, torí ó dùn yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá tún pè é."

"Ẹ gbọ́!" Ìyá Ṣàfíù pàtẹ́wọ́. "Orúnkún ń bẹ̀bẹ̀, ẹnu ń jà."

"Ẹnu yìí ni mo fi ń ṣiṣẹ́, Mà."

"Ó dáa. Ọmọ mi ò lọ mọ́."

Bàbá Sàlíhù mi orí sí i pé òun gbà. Bó ṣe rí nìyẹn. Sàúdátù sunkún títí, wọn ò dá a lóhùn.

Ní yàrá, Ṣàfíù ń họrí. "Ìyá mi nìyẹn, ìyàwó mi nìyí. Ẹnu mi ò sí ńbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí ẹnu yín jókòó jẹ́ẹ́ nígbà náà," ni Fàósátù wí. Ó mọ ohun tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin tó bá jókòó sílé títí táàmù fi parí, igbá ẹ̀kọ ni wọ́n máa gbé lé e lórí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó dúró sídìí ògiri tó kọjú sílé, ó ṣí ìwé orúkọ. Ohùn Ìwáyà ló fi pè é.

"Sàúdátù!"

Ìyá Ṣàfíù ń ro ògì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Sàúdátù!"

Wọn ò dáhùn. Fàósátù bọ́ sórí ẹlòmíràn. Ọjọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá iléèwé ní kó fagi lé orúkọ náà.

"Kò kú, sà, kò sì kó lọ," ni Fàósátù wí. Kò fagi lé e.

Bó bá délé, Eyínmẹ́nugún ló ń pe ọmọ náà. Ó ń bu omi fún un. Kò ṣì í pè lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnu àwọn ará àdúgbò ò wá dákẹ́. Obìnrin ilé kejì yọjú lórí ọgbà. "Ìyá Ṣàfíù, ta ni wọ́n ń pè ní gbogbo òwúrọ̀ tí kò jẹ́? Àyà mi ń já o. Òkú là ń pè tí kì í jẹ́."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ mi rèé, ó ń jẹ àkàrà."

"Kó dáhùn nígbà náà."

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Ṣàfíù dá Fàósátù dúró. "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa ọmọ mi ni?"

"Mo fẹ́ kó wá síléèwé ni, Mà."

"Pè é jẹ́jẹ́, ó kéré tán."

"Ohùn tí mo ní nìyí, Mà."

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ mú, Sàúdátù sì fi ikọ́ mọ́jú. Ìyá rẹ̀ ń fi àdín pa á láyà. Ó ti di irun rẹ̀ lápá kan, apá kejì ṣì dúró gágá.

"Sàúdátù!"

Ìyá Ṣàfíù fi ọwọ́ bo ọmọ náà létí.

"Sàúdátù!"

Ewúrẹ́ kan ké.

"Sàúdátù!"

Ìyá Ṣàfíù fò dìde, ó wọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sídìí ògiri iléèwé. "Ó ń jẹ́! Ọmọ mi ń jẹ́ o! Dá a lóhùn, ìwọ ọmọ yìí!"

"Mo wà níbí, Mà!" ni Sàúdátù kígbe. Kò pè é ní Ìyàwó.

Fàósátù ò gbé kálàmù. "Àwọn tó wà nínú kíláàsì nìkan ni mò ń fàmì sí."

Ìyá Ṣàfíù wò ó. Ó wo ògiri. Ó gbé ọmọ náà tàdíntàdín, ó gbé e ré ògiri kọjá, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síwájú síléètì rẹ̀.

"Má pè é lẹ́ẹ̀mejì mọ́ o. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó."

Fàósátù kúnlẹ̀ níṣojú gbogbo ọmọ. "Bó bá ti jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, Mà, mi ò ní pè é lẹ́ẹ̀mejì."

Ó dìde, ó fàmì sí i, ó pe ẹni tó kàn.